Wọ́n já màíìkì gbà lọ́wọ́ bàbá ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi dọkumẹ́ńtárì hàn lálẹ́ Sátidé, ẹ ka tèmi kí ẹ tó sanwó. Ti àga oníke àti jẹ́ń tó ń pariwo, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ màíìkì ló gbé mi dìde.

Ìyàn àtọwọ́dá tó pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ní Ukréìn lọ́dún 1932 sí 1933 ni wọ́n fi hàn. Kí n má purọ́, fíìmù náà dáa! Ìjọba Stalin, olórí Soviet Union tí Ukréìn wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ń gbọ́n abà àwọn àgbẹ̀ gbẹ, wọ́n sì ń kó ọkà tà sókè òkun. Òfin tí wọ́n ṣe lóṣù kẹjọ 1932 ní ẹni tó bá ṣa ṣírí ọkà lóko àjọni, ikú ni, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù kìíní 1933, wọ́n tún ní àgbẹ̀ ò gbọdọ̀ sá kúrò níbẹ̀. Gareth Jones, akọ̀ròyìn ọmọ Wales, fẹsẹ̀ rin àwọn abúlé náà, ó sì ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí. Walter Duranty ti New York Times kọ̀wé ta kò ó. Èyí tó bí mi nínú jù ni ti 1937: wọ́n ka èèyàn, iye ò pé, ni ìjọba bá gbé ìwé ìkànìyàn pamọ́, wọ́n sì ti àwọn ọ̀gá tó kà á mọ́lé.

Ìjíròrò ló kàn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gba màíìkì. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ti Biafra ńkọ́, tí wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ? Ẹni tó ń mójú tó owó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí ni. Èmi gan-an dìbò fún wọn, àmọ́..."

Ọmọkùnrin tó ń darí ètò ti na ọwọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti Ukréìn nìkan." Bàbá ò fi sílẹ̀. Ó fà á, wọ́n fà á, okùn já, sípíkà han goooro. Ìyá kan fò dìde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ Awó lójú òun. Ilé dàrú.

Mo lọ bá máníjà pé kó dá owó mi padà. Ó ní, "Àǹtí, fíìmù lẹ ra, ẹ ò ra ìjíròrò." Mo na tíkẹ́ẹ̀tì sí i: "Fíìmù àti Ìjíròrò," lẹ́tà gàdàgbà. Ó kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún kà á. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ tó já màíìkì gbà ló ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ tan ọ̀nà fún bàbá dé títì. Ó ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó ní bàbá àgbà òun ja ogun ọ̀hún, wọn ò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ nílé títí wọ́n fi kú. Màrúwà mẹ́ta dúró fún wọn, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Sátidé tó ń bọ̀, ti ìyàn Bengal ní Íńdíà lọ́dún 1943 ni. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì.