Palm IIIxe lọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ òkè

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn tó ń hun ún, kí n sì máa tà á fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ẹni tó bá mọ òwò yìí á mọ̀ pé ọjọ́ ló ń dà wá láàmú ju aṣọ lọ: ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí ahunṣọ dá fún wa, ọjọ́ ìgbéyàwó oníbàárà, ọjọ́ tí onígbèsè ní òun máa san. Inú Palm IIIxe kan ni mo ń tọ́jú gbogbo wọn sí, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tó jáde lọ́dún 2000, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Mo ní fóònù bíi ti gbogbo èèyàn. Òun ni mo fi ń pe oníbàárà, òun ni mo sì fi ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ ọjà, fóònù ni màá fi sílẹ̀.

Ọjà ni màá kọ́kọ́ fi ṣàlàyé. Ọjà aṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́, n'Íbàdàn, ìtàdógún-ìtàdógún ni wọ́n ń ná an. Àwa Yorùbá a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́nu wa, àmọ́ ọjọ́ 16 ni ọjà kan fi jìnnà sí èkejì. Kò bá ọ̀sẹ̀ olọ́jọ́ méje mu rárá. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, Ọjọ́rú ni yóò bọ́ sí tó bá tún yí po, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ẹtì. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ò lè sọ ìyẹn fún èèyàn. Lórí Palm, ẹ tẹ bọ́tìnnì Date Book, ẹ kọ orúkọ ọjà, ẹ tẹ Details, ẹ wọ inú Repeat, ẹ mú Day, ẹ wá kọ 16 síwájú Every. Tí ẹ bá ti fi òpin rẹ̀ sí No End Date, ó parí nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ọjà á jókòó síbi tó yẹ títí di òpin 2031, níbi tí kàlẹ́ńdà inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ parí sí. Àwọn ọjà ọrọọrún, 4 ni mo kọ síwájú tiwọn.

Ẹ wo àǹfààní rẹ̀. Ìyá ìyàwó kan á pè mí láàárọ̀ pé ìnáwó àwọn ku oṣù méjì, àwọn ń fẹ́ ẹtù fún ẹbí àti sányán fún ọkọ ìyàwó. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti rí i pé ọjà mẹ́ta ló kù láàárín, tó bá pọ̀ jù mẹ́rin. Mo ti mọ èyí tí mo gbọ́dọ̀ gbé òwú dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ṣáájú rẹ̀, mo sì ti mọ iye tí mo lè ṣèlérí. Mi ò ní láti sọ pé "ẹ jẹ́ kí n ronú sí i, màá pè yín padà." Ẹni tó bá ti pàdánù oníbàárà nítorí gbólóhùn yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwé orúkọ inú rẹ̀ náà dára gan-an. Lẹ́yìn orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì, àyè mẹ́rin wà nísàlẹ̀ tí ẹ lè fún lórúkọ tó wù yín. Tèmi ni àwọ̀, ìró, fìlà àti owó tó kù. Nítorí náà, tí oníbàárà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bá pè pé àbúrò òun náà fẹ́ ṣègbéyàwó, mo mọ àwọ̀ tí wọ́n mú nígbà yẹn, mo sì mọ̀ bóyá ó jẹ mí lówó. Àmì Find tún wà lójú ẹ̀rọ náà. Ẹ kọ "alaari" síbẹ̀, á wá inú orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á kó gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà jáde.

Ẹ̀rọ yìí ò ní bọ́tìnnì lẹ́tà. Ààyè kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀ tí ẹ ó ti máa fi gègé kọ̀wé, lẹ́tà lápá òsì, nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Graffiti ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀wé náà, ẹ ò sì ní gbé gègé sókè tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan títí ẹ ó fi parí rẹ̀. Lẹ́tà A kò ní ìlà ìdábùú. T lọ sápá ọ̀tún, ó wá já wálẹ̀. K ló ṣàjèjì jù, ó lọ́ po bí ẹja tí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo yà. Èèyàn á kọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ á máa ṣe é fúnra rẹ̀. Báyìí mo lè máa wo ojú oníbàárà kí n sì máa kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni wọ́n ti ṣe é lọ́gbọ́n ju Newton, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tí Apple gbé jáde lọ́dún 1993, lọ, èyí tó fẹ́ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo aráyé. Ti Palm ní kí èèyàn kọ́ díẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa máa ṣì í kà.

Ohun tó dùn mí nínú ìkọ̀wé yìí ni pé ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ lè fi àmì ohùn sórí a, e, i, o àti u, ẹ kàn máa fa àmì náà lẹ́yìn lẹ́tà ni. Àmọ́ àmì ìsàlẹ̀ kò sí, kò sì sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i. Orúkọ ọmọ Yorùbá kún inú ẹ̀rọ mi, díẹ̀ nínú wọn ló wà bó ṣe yẹ ká kọ ọ́.

Bátìrì rìmóòtù méjì, AAA, ló ń lò. Mi ò wá ibi tí màá ti fi í gba iná, mi ò bẹ onífóònù létí ọjà, àìsí iná NEPA ò kàn án. Ojú rẹ̀ ò ní àwọ̀, dúdú lórí eérú ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí bátìrì máa pẹ́ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, tí mo sì ń rí i kà kedere nínú oòrùn ọ̀sán gangan tí fóònù á ti ṣókùnkùn lọ́wọ́ mi. Ibi tó ti ń ni mí lára ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú tí kò tíì ṣú tán. Iná rẹ̀, tó ń tàn bí ẹ bá di bọ́tìnnì ìtanná mú, kì í wúlò títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa.

Bátìrì yìí kan náà ni ewu rẹ̀ tó tóbi jù wà. Gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú ìrántí tí iná bátìrì ń mú dúró ló wà, megabáìtì 8. Tí bátìrì bá kú pátápátá, ó lọ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí tuntun ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó yọ ti tẹ́lẹ̀, torí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀rọ lè fi dúró láìní bátìrì. Ẹni tí kò bá lè máa ṣe HotSync, kó má rà á. HotSync ló ń da gbogbo rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà, ìjókòó rẹ̀, ìyẹn ibi tí a ń gbé ẹ̀rọ lé, sì ń lo ihò àtijọ́ oníhò mẹ́sàn-án tí láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí ò ní mọ́. Láptọ́ọ̀pù Windows XP kan ni mo tọ́jú sílé fún iṣẹ́ yìí nìkan. Lálaalẹ́ ọjọ́ ọjà ni mò ń ṣe é, kí n tó jẹun.

Jeff Hawkins, tó dá ilé-iṣẹ́ Palm sílẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 1992, gbẹ́ igi kan ní ìwọ̀n ẹ̀rọ tó ní lọ́kàn, ó ń gbé e sápò kiri, ó sì ń ṣe bí ẹni ń kọ nǹkan sí i, kó lè mọ ohun tí èèyàn nílò gan-an. Pilot, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ Palm àkọ́kọ́, jáde lọ́dún 1996. Mo gbà pé igi yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí wọ àpò bùbá, kí ó sì jẹ́ pé bọ́tìnnì mẹ́rin péré ló wà níwájú rẹ̀ fún ọjọ́, orúkọ, iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan, ojú rẹ̀ là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Hewlett-Packard ra Palm lọ́dún 2010, wọ́n sì fi iṣẹ́ ṣíṣe àwọn ẹ̀rọ Palm sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe fún yín bó bá bàjẹ́.

Tí ẹ bá rí i rà ní tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi bátìrì wò. Bí omi bátìrì bá ti jẹ irin ibẹ̀ di àwọ̀ ewé, ẹ dá a padà. Ẹ kọ lẹ́tà mélòó kan sí ààyè Graffiti, pàápàá létí rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ bèèrè ìjókòó HotSync rẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n ta ẹ̀rọ fún yín láìsí i. Kí ẹ sì tú orí gègé irin tó bá a wá wò: abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ó máa fi tẹ ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà tó bá dákú.

Èmi ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó wá ìkejì fún mi.