Ẹ má fi ògbólógbòó pọ́ǹpù epo yín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lóòrèkóòrè, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó ra pọ́ǹpù epo, ìyẹn èyí tó ń ti epo láti inú táńkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì.

Corolla 2005 ni mo ń wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀ tí mo bá ń gun òkè, ó sì ń pẹ́ kó tó sítáàtì láàárọ̀. Mo tú pọ́ǹpù rẹ̀ fúnra mi nílé. Mo yọ fúùsì rẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo inú páìpù títí ó fi kú, mo tú bátìrì, mo ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ ibẹ̀ ló wà.

Mo mú un lọ bá ọlọ́jà kan nítòsí Tákìé. Ó gbé páálí tuntun jáde, wọ́n kọ Denso, orúkọ ilé-iṣẹ́ Japan kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò, sí i lára. ₦38,000 ni mo san. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ògbólógbòó yẹn sílẹ̀, màá bá yín dà á nù." Mo sì fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn. Àyà mi ṣì ń já títí dòní.

Mo tú pọ́ǹpù náà, mo gbé e sójú oòrùn. Ara rẹ̀ ń dán, àmọ́ irin méjì tí wáyà ń wọ̀ ti ha, ó hàn pé wọ́n ti lò ó nínú mọ́tò mìíràn rí. Mo fi igi tín-ín-rín wa ẹnu tó fi ń fa epo, ni ẹrẹ̀ dúdú àti ìpẹtà bá ń jáde. Fílítà rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun.

Mo padà lọ. Ọlọ́jà ò sí níwájú, mo bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, abọ́ bẹntiróòlù wà níwájú rẹ̀, ó ń fi sáńpépà ha pọ́ǹpù bíi méje, páálí òfìfo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí a ní kó bá wa dà nù ló ń tà padà fún wa! Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ mi, pé òun ò mọ̀ mí rí.

Ẹ gba rìsíìtì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo ibi tí wáyà ń wọ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tòkunbọ̀ ò burú, kí ọlọ́jà ṣáà sọ pé Tòkunbọ̀ ni. Bí mẹkáníìkì yín bá ní géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo, irú Corolla tèmi yìí yẹ kó fún un ní 44 sí 50 psi (psi ni òṣùwọ̀n agbára náà). Ẹ má sì jẹ́ kí epo máa gbẹ nínú táńkì, epo yẹn ló ń mú pọ́ǹpù tutù. Ẹni tó bá fẹ́ tú u nílé, ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kí sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù, tí ojú ò rí, gan-an ló ń gbiná.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ọlọ́jà yẹn ní kí n fi pọ́ǹpù burúkú yẹn náà sílẹ̀, kóun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e padà sílé, mo fi ẹ̀mú ṣẹ́ irin méjèèjì.