Sílíńdà Fọ́kílíìfù Tó Ń Jò: Ṣé Sìlì Lẹ Máa Pààrọ̀, Ṣé Ọ̀pá Lẹ Máa Tún Ṣe, Àbí Odindi Rẹ̀ Lẹ Máa Rà?

Bí fọ́kílíìfù bá gbé ẹrù sókè tán, tí awakọ̀ fọwọ́ kúrò lára lífà, tí ẹrù náà sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye tí wọ́n ń ta sìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú sílíńdà. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin lẹ lè gbà náwó lórí sílíńdà tó ń gbé ẹrù sókè: ẹ lè pààrọ̀ sìlì nìkan, ẹ lè tún ọ̀pá rẹ̀ (irin gígùn tó ń wọlé tó ń jáde nínú rẹ̀) ṣe, ẹ lè ra tòkunbọ̀, ẹ sì lè ra tuntun. Ipò tí ọ̀pá àti ilé sílíńdà (páìpù irin tí ọ̀pá ń rìn nínú rẹ̀) wà ló ń sọ èyí tó tọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ra sìlì kó tó yẹ ọ̀pá wò, ó ṣeé ṣe kó san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé sílíńdà ló ń jò

Mo ti rí sílíńdà tí wọ́n tú palẹ̀ láìnídìí, nígbà tó jẹ́ pé inú fáàfù ìdarí, èyí tí lífà ń ṣí tó sì ń tì, ni epo ń gbà sá padà sí táǹkì. Sílíńdà ìgbẹ́rùsókè kò rí bí èyí tó ń tẹ òpó (irin gíga iwájú ẹ̀rọ tí fọ́ọ̀kì tó ń gbé ẹrù ń gbà lọ sókè) síwájú tàbí sẹ́yìn. Epo ló ń tì í lọ sókè, ìwúwo ẹrù àti ti òpó ló sì ń dá a padà. Ìlànà ààbò àgbáyé fún fọ́kílíìfù, ISO 3691-1, sọ pé ẹrù tó pé ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè gbé kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju mílímítà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, nígbà tí epo bá ti gbóná dé ìwọ̀n iṣẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára òpó, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá sọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí epo kò sì jò síta lórí sílíńdà, ẹ wá họ́ọ̀sì kékeré tó ti orí sílíńdà padà sí táǹkì, bí tiyín bá ní in. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ẹnu rẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀kì bá wà nílẹ̀, kí ó dojú rẹ̀ kọ inú ike, kí awakọ̀ tó tún gbé ẹrù náà sókè. Bí epo bá ń ti ibẹ̀ jáde láìdáwọ́ dúró, sìlì písítìnì, èyí tó wà ní ìdí ọ̀pá nínú sílíńdà, ti jẹ. Bí epo kò bá jáde níbẹ̀, tí ẹrù sì ń sọ̀, fáàfù lẹ máa yẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sábẹ́ fọ́ọ̀kì nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a, nítorí epo tó bá ń ti ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ tú jáde lè gún awọ kó sì wọ inú ẹran ara. Ẹ wo fọ́kílíìfù tó ń gbé kílógíráàmù 2,500. Ká ní fọ́ọ̀kì àti férémù rẹ̀ wúwo tó 400, àpapọ̀ rẹ̀ di 2,900. Ṣéènì tó gba orí òpó kọjá ń mú kí fọ́ọ̀kì rìn ní ìlọ́po méjì ìrìn ọ̀pá sílíńdà, nítorí náà ìlọ́po méjì ìwúwo náà ló ń bọ́ sórí sílíńdà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tó fi jẹ́ pé 2,900 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bí inú sílíńdà bá fẹ̀ tó mílímítà 50, agbára tí epo fi ń tì í á tó nǹkan bí báà 145 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí epo tàbí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan), a kò sì tíì ka ìwúwo òpó inú mọ́ ọn. Táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju báà 2 àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí sìlì kékeré yẹn ń dì mú nìyẹn.

Sìlì nìkan

Èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì lò jù. Ó tọ́ nígbà tí ọ̀pá bá ń dán láìlábùkù, tí inú ilé sílíńdà kò sì họ. Ẹ ní kí wọ́n nu ọ̀pá náà mọ́ tónítóní, kí ẹ fi èékánná àtàǹpàkò yí i ká díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí èékánná bá ha síbì kan, sìlì tuntun náà á ha síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú rírọ̀ nù ún: níbi tí fọ́nrán òwú bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ìpẹtà ti ń jẹ kúróòmù níbẹ̀, bí ojú ò tilẹ̀ rí i.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ọ̀tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ sìlì sílíńdà ọ̀tún láàárín oṣù mẹ́jọ, owó iṣẹ́ àti owó epo sì ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó fi èékánná kan ọ̀pá náà fúnra mi. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, irin kan ló họ ọ́, gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá sì ń wọlé tó ń jáde ni ó ń gé ètè sìlì. Sìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Àwa la fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní NBR tó fún ilé ìkẹ́rùsí gbogbogbòò, ó sì ń fara da ooru tó tó nǹkan bí 100°C. Polyurethane le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í tètè jẹ, nítorí náà òun ni mo fẹ́ràn fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àmọ́ omi gbígbóná nínú epo ń bà á jẹ́. Viton ń fara da ooru tó tó 200°C, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, àfi bí ẹ bá ń gbé irin gbígbóná ni mo fi lè ní kí ẹ rà á. Ẹ béèrè bóyá odindi kíìtì ni wọ́n ń tà fún yín, tí rọ́bà anùdọ̀tí, ọ́ríńgì (òrùka rọ́bà róbótó) àti òrùka atọ́ọ̀nà tó ń mú ọ̀pá rìn gbọọrọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ta sìlì kan ṣoṣo tó fi rọ́bà anùdọ̀tí àtijọ́ sílẹ̀, ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún eruku ọyẹ́ àti ti sìmẹ́ńtì.

Títún ọ̀pá ṣe

Kúróòmù tó wà lára ọ̀pá kì í sábà nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 20 sí 30 lọ, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mílímítà kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà ha ọ̀pá wọn. Irin lásán ló wà lábẹ́ kúróòmù, ìpẹtà kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá fi wẹ́dà dí ihò tó fi fáìlì ha á dọ́gba kò tún nǹkan kan ṣe.

Iṣẹ́ tó péye ni pé kí wọ́n lọ kúróòmù àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi òmíràn bò ó, kí wọ́n tún lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì dán an. Èyí tó sábà máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n ra ọ̀pá tí wọ́n ti fi kúróòmù bò láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gé e, ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo gbà pé èkejì ló dára jù nígbà tí ìpẹtà bá ti jinlẹ̀ tàbí tí ọ̀pá bá ti tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí lẹ́ẹ̀tì wọn ṣe gùn tó: òpó tó ń gbé ẹrù dé mítà 3 máa ń ní ọ̀pá tí ìrìn rẹ̀ tó mítà 1.5, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló lè gba irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi máíkíròmítà wọn ọ̀pá tuntun níbi mẹ́ta kí ẹ tó sanwó.

Tòkunbọ̀

Ẹ lè rí sílíńdà tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ àlòkù tó wọlé láti òkè òkun, ó sì máa ń wọ́n ju títún ọ̀pá ṣe lọ nígbà mìíràn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Kí ẹni tó ń tà á fa ọ̀pá náà jáde tán pátá lójú yín, nítorí ibi tó fara pamọ́ sínú ni ìpẹtà ti máa ń jókòó nígbà tí omi bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wọn ìgùn rẹ̀ nígbà tó bá wọlé tán, ìrìn rẹ̀, fífẹ̀ inú rẹ̀, ẹnu tí epo ń gbà wọlé, àti fáàfù kékeré tó wà nídìí rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹrù já lulẹ̀ lójijì bí họ́ọ̀sì bá bẹ́. Bí fáàfù náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á. Kí ẹ sì fi owó sìlì tuntun kún iye rẹ̀ nínú ìṣirò yín, torí sìlì tó ti gbẹ kò ní pẹ́.

Tuntun

Bí ilé sílíńdà bá ti họ wọnú tàbí tó ti sán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, odindi ni kí ẹ rà. Òrìjínà láti ọ̀dọ̀ Toyota, Hyster tàbí Linde máa ń wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ó fi nọ́ńbà ẹ̀rọ àti nọ́ńbà òpó béèrè rẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sípò láìsí wàhálà. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe dára fún ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀, bí ẹni tó ń tà á bá lè kọ gàráńtì sínú rìsíìtì. Bí kò bá fẹ́ kọ ọ́, mo rọ̀ yín pé kí ẹ kúkú fi owó náà tún ọ̀pá yín ṣe, nítorí ilé sílíńdà àtijọ́ tó ṣì dára sàn ju ayédèrú tuntun lọ.

Nígbà ìsopadà

Bí sílíńdà ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ méjì, ẹ pààrọ̀ sìlì méjèèjì pa pọ̀. Kí mẹkáníìkì tẹ́tí sí i bí wọ́n bá dé òkè: bí ọ̀kan bá kan òkè ṣáájú èkejì, òpó á wọ́, ó sì yẹ kó fi àwẹ́ irin pẹlẹbẹ dọ́gba ọ̀pá tó kúrú. Kí ó gbé òpó lọ gbé e bọ̀ nígbà mélòó kan láìsí ẹrù kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ó sì tún wọn epo inú táǹkì. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 10 yẹn lójú rẹ̀ kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ gba sìlì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Bí ó bá le gan-an tó sì sán, ooru ló ṣe é. Bí ó bá wú tó sì rọ̀, epo tí kò bá a mu ni wọ́n ń lò. Bí ojú kan ṣoṣo bá gé, ẹ padà lọ wá ìlà lára ọ̀pá. Bí ó bá sì jẹ jù lápá kan ju ìkejì lọ, òrùka atọ́ọ̀nà ti jẹ, tàbí kí ọ̀pá ti tẹ̀, sìlì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i á sì gba ojú kan náà jẹ.