Páìpù sàlẹ́ńsà 3 ínṣì tí mo fi sí mọ́tò tọ́bò mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín to mọ́tò tọ́bò, ìyẹn mọ́tò tí èéfín ẹ̀ ń yí ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ n sọ ti páìpù yìí fún yín. 2.5 ínṣì ló wà nídìí mọ́tò mi tẹ́lẹ̀, tí n bá tẹ iná ó máa ń pẹ́ kí tọ́bò tó jí. Mo wá ra 3 ínṣì, stainless 304 (irin tí kì í tètè dípẹtà), láti ẹnu tọ́bò títí dé ẹ̀yìn, háà, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀! Ẹ má wò ó pé ààbọ̀ ínṣì péré ni o, ojú ihò ẹ̀ fi bí ìdá 44 nínú 100 fẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, èéfín wá ń ráyè jáde, tọ́bò sì ń tètè yí. Àwọn tó ní ó yẹ kí páìpù fún èéfín mọ́ díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó lágbára, ti tọ́bò kọ́ nìyẹn rárá.

Wọ́n jó ojú irin ẹ̀ pọ̀ dáadáa, mo fi ìka ra inú ẹ̀, kò sí irin kankan tó yọ síta. Flange ẹ̀ kan, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so páìpù pọ̀, ló wọ́, èéfín ń jò níbẹ̀ ṣíì-ṣíì títí mo fi ní kí wọ́n fi fáìlì rà á kó tẹ́jú, ìyẹn dùn mí gan-an. Ó sì ń kùn hùùù létí téèyàn bá ń sáré lọ́nà jíjìn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti fi sí i, ẹ máa ṣọ́ boost gauge yín (aago tó ń fi boost hàn, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì), torí wastegate kékeré (ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kọjá) lè má kápá èéfín náà mọ́, boost á kàn máa gòkè fúnra ẹ̀ ni.