Àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀: èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu àti èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, òbí sì máa ń fẹ́ mọ èyí tó dára jù. Kí ọmọ gba méjèèjì ni, torí iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Èyí tí wọ́n ń kán, ẹ̀kán méjì péré ni. Kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Inú ìfun ni ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti ń pọ̀ sí i kó tó wọ ẹ̀jẹ̀, kó tó dé ògóóró ẹ̀yìn tó ti ń rọ ọmọ lápá lẹ́sẹ̀. Ìfun náà ni ẹ̀kán yìí ti ń bá a jà, ìyẹn ló fi ń dènà kí àrùn má gba inú ìgbẹ́ ọmọ kan dé ẹnu ọmọ mìíràn. Níbi èyí, abẹ́rẹ́ ò lè bá a dọ́gba.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò náà hàn yín kó tó kán an. Àmì róbótó kan wà lára rẹ̀, onígun mẹ́rin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ wà láàárín. Bí ooru bá ṣe ń mú un ni onígun mẹ́rin yẹn á máa dúdú. Tó bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, kí wọ́n jù ú nù, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ò bá tilẹ̀ tíì pé.

Bí ọmọ bá tu ú jáde, kí wọ́n tún un kán lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń gbuuru, kí wọ́n kán an fún un, kí wọ́n sì tún fún un ní àfikún, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí èyí tó gbà kẹ́yìn. Àwọn kòkòrò mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ máa ń kún ìfun ọmọ níbi tí omi ò ti mọ́, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀kán yìí ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láéláé.

Àléébù rẹ̀ tó wúwo jù: níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gba àjẹsára, kòkòrò aláìlágbára yìí lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti òmíràn títí agbára rẹ̀ á fi padà. Ẹ̀yà mẹ́ta ni kòkòrò àrùn yìí ní; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ẹ̀yà kejì kúrò nínú ẹ̀kán tí wọ́n ń fún ọmọ déédéé ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ẹ̀kán tuntun fún ẹ̀yà kejì, tí kòkòrò inú rẹ̀ kì í tètè yí padà, ni Nàìjíríà àti Liberia kọ́kọ́ lò ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Abẹ́rẹ́ ò ní irú ewu yẹn, kòkòrò tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. 0.5 ml ni wọ́n ń gún sí itan, ó sì ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ bó bá dì, ó ti bàjẹ́, àmì ara ìgò ò sì ní fi hàn, torí ooru nìkan ló ń sọ. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á kó ike omi tó ti di yìnyín líle láti fírísà tààrà sínú kúlà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ike náà síta, títí wọ́n á fi gbọ́ omi nínú rẹ̀ bí wọ́n bá mì ín.

Ẹ̀kán: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Abẹ́rẹ́: ọ̀sẹ̀ 6 àti 14. Bí àwọn eléètò ìlera bá tún ń lọ láti ilé dé ilé, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 gba ẹ̀kán náà, bó tiẹ̀ ti parí tirẹ̀. Kò lè pọ̀ jù fún un.