Tráípọ́ọ̀dù tí mò ń gbé ìbọn lé: ohun tí mo rí láàrin sáà ọdẹ méjì ní Texas

Ó ti di sáà ọdẹ méjì báyìí tí mo ti ń gbé ìbọn lé tráípọ́ọ̀dù, ìyẹn ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ìbọn mì, mo ti ra méjì, mo ti ta ọ̀kan, èyí tó kù kò sì kúrò nínú bùútù mọ́tò mi. Mo ní kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀ torí nígbà tí èmi fẹ́ rà á, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tó fi yé mi dáadáa.

Houston ni mò ń gbé àmọ́ apá Llano la ti ń ṣọdẹ, ó tó wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò. Deer Capital of Texas ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn olú-ìlú àgbọ̀nrín Texas, àgbọ̀nrín ibẹ̀ pọ̀ gan-an, ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà ò sì kẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn fi imú tú ilẹ̀ olóko láàrin òru kan bíi pé katakata ló kọjá. Láti 2019 ni Texas ti ní ẹni tó bá ti gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ ò nílò láísẹ́ǹsì ọdẹ kó tó pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni. Ti àgbọ̀nrín ṣì ń gba láísẹ́ǹsì o, ẹ má lọ da méjèèjì pọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n wá tráípọ́ọ̀dù nìyí. Mo yìnbọn fún abo ẹlẹ́dẹ̀ kan lórí ìdúró, bíi 120 yáàdì, kò sóhun tí mo fi ìbọn tì, ọwọ́ mi nìkan ni. Mo rò pé mo ti dì í mú, àṣé ibi ikùn ni ọta bà á dípò ẹ̀yìn èjìká, ló bá sá wọ àárín igi mesquite, a tọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí ó fi di aago méjìlá òru, nígbà tá a sì rí i kò tíì kú. Mi ò gbádùn ara mi fún ọjọ́ púpọ̀. Bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Òkè-Ògùn, ṣakabùlà ni wọ́n ń lò, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí wọ́n yìnbọn láìkọ́kọ́ wá pàlàká igi tí wọ́n máa gbé e lé, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọwọ́ èèyàn ń mí, igi kì í mí. Èmi tí mo ní ìbọn tó ń lu nǹkan láti ọ̀nà jíjìn, tó ní sìkópù, awò tí wọ́n fi ń fojú sun ẹran, lórí, mo wá ń fi ọwọ́ lásán gbé e. Ó dùn mí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò lo bipod, ẹsẹ̀ méjì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ìbọn yẹn. Mo ní in, ó sì dáa tẹ́ ẹ bá lè dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ní Llano koríko ga tó orúnkún, tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan, òkúta àti cactus ẹlẹ́gùn-ún ló kún ilẹ̀, rattlesnake, ejò olóró, náà sì wà níbẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni irú tó ní ẹnu bíi ti akàn lórí, ẹ máa gbé ìbọn sí i, ẹ máa yí ohun tí wọ́n fi ń dè é, rọ́bà inú ẹ̀ á sì há igi ìbọn mọ́ra. Alumíníọ̀mù ni, 180 dọ́là ni mo rà á. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kò sí ìbọn tí kò ní gbà, ẹ ò nílò láti so nǹkan kan mọ́ abẹ́ ìbọn, ẹ sì lè fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi awò wo igbó, ìbọn á wà níbi tó wà. Ẹni tó ń jókòó sójú kan nínú àgọ́ ọdẹ, tó ń dúró de àgbọ̀nrín lórí 100 yáàdì, ìyẹn tó fún un gan-an. Àmọ́ èmi máa ń rìn. Ó wúwo tó ìbọn fúnra ẹ̀, ní òwúrọ̀ January ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì máa ń kan òkúta gbàgàn-ùn, ẹran á ti gbọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Èyí tó wá sú mi jù ni pé orí ẹ̀ ní ìmì díẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ ti dè é pa, tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn, àmì inú sìkópù á rọra yẹ̀ sápá kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu akàn yẹn mú ọ̀pá irin ìbọn o, igi iwájú ìbọn ni kó mú, torí tí nǹkan bá ti ń tẹ ọ̀pá yẹn, ọta ò ní lọ síbi tẹ́ ẹ fojú sùn.

Mo tà á fún ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń lọ, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nínú àgọ́ wọn. Mo fi owó kún owó, mo ra ẹlẹ́ẹ̀kejì: carbon fiber, ohun tó le àmọ́ tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ tó nípọn, orí ẹ̀ jẹ́ ball head, irú tó ń yí síbi gbogbo bíi bọ́ọ̀lù. Pẹ̀lú rail, irin pẹlẹbẹ tí orí tráípọ́ọ̀dù máa ń dì mú, tí mo so mọ́ abẹ́ ìbọn, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 640 dọ́là. Ìyàwó mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìbọn míì ni mo rà.

Rail yìí ni kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. ARCA-Swiss ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn oníkámẹ́rà ló ti wá, fífẹ̀ ẹ̀ tó bíi 38 mílímítà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kọ́ńpánì ló ń gé e dọ́gba, ìyàtọ̀ tín-ín-tín máa ń wà. Tó bá jẹ́ irú orí tí wọ́n fi skrúù dè ni, ẹ máa yí i títí á fi mú un, kò séwu. Tó bá jẹ́ ti lever, ọwọ́ kékeré tí wọ́n kàn ń pa dé, ni, bí wọ́n ṣe tò ó náà ló máa wà. Tèmi jẹ́ lever. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní réènjì, ibi tá a ti ń fi ìbọn dánra wò, mo gbé ìbọn lé e, mo pa lever dé, mo gbọ́ tó ké kà, mo yí ojú láti mú ọta nínú àpò, ìbọn yọ̀ síwájú! Ọlọ́run ló ní kí ẹ̀gbọ́n yìí ti na ọwọ́, wọ́n ní "Àbúrò, di nǹkan ẹ mú!" Kò sí ọta nínú ẹ̀, torí mi ò kì í ki ọta sí ìbọn kí n tó gbé e lé, kẹ́ ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a wò ó, rail mi ló tín-ín-rín ju bí lever ṣe fẹ́ lọ, mo fi Allen key, irin kékeré tí wọ́n fi ń yí skrúù, tún un tò. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti pa á dé, mo máa ń fi ọwọ́ mì ín jìgìjìgì kí n tó fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ọta tí wọ́n ń pè ní 6.5 Creedmoor ni ìbọn mi ń lò. Ní 100 yáàdì, lórí ìdúró pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ọta márùn-ún mi máa ń tú ká bí abọ́ ọbẹ̀, bí íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Lórí tráípọ́ọ̀dù yìí, ìdúró náà ni o, ó di íǹṣì méjì àbọ̀, tí mo bá jókòó ó máa ń wọ inú íǹṣì kan àbọ̀. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, inú sì ń bí mi pé mo fi owó ṣòfò, àfi ìgbà tí ọkùnrin kan ní réènjì wá wò mí, ó ní mò ń dúró gbọnrangandan bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Pé kí n gbé ẹsẹ̀ kan tráípọ́ọ̀dù síwájú, kí méjì tó kù wà lápá ọ̀dọ̀ mi, kí n wá rọra fi èjìká ti ìbọn síwájú, kí ìwúwo ara mi wà lára ẹ̀. Nǹkan yí padà lójú ẹsẹ̀. Iwájú ìbọn nìkan ni tráípọ́ọ̀dù ń mú dúró, ìdí ìbọn ló ń mì, ìwọ lo máa mú ìyẹn dúró. Tí mo bá jókòó, mo máa ń fi ìgúnpá lé orúnkún, ó tún dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní míì ni pé tí mo bá ti fi ara tì í báyẹn, tí ìbọn bá dún, sìkópù ò ní fò kúrò lójú ẹran, mo máa ń rí ibi tí ọta bà.

Èyí tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹ kọ́kọ́ fa ibi tó nípọn lára ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, ibi tó tín-ín-rín ló máa gbẹ̀yìn. Tó bá ní ọ̀pá àárín tí wọ́n ń fà sókè, ẹ má fà á, ó máa ń gbọ̀n ni. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, mo máa ń so báàgì mi kọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ ò ṣàì sí o. Ball head yẹn, tẹ́ ẹ bá tú u láìdi ìbọn mú, ìbọn á dojú dé gbì. Iyanrìn ń wọ ibi tí wọ́n ń yí lẹ́sẹ̀ ẹ̀, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa tú u fọ̀. Irin ṣóńṣó tó bá a wá ń yọ̀ lórí òkúta Llano, rọ́bà ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ran bá sì yọ lójijì ní 40 yáàdì, kẹ́ ẹ tó na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán ó ti lọ.

Ní November tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣí sáà àgbọ̀nrín, akọ kan yọ síbi odò gbígbẹ, 210 yáàdì. Mo jókòó, mo fi èjìká tì í, mo dúró kí èémí mi balẹ̀, mo yìn ín. Kò rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Mo fóònù bàbá mi láti ibẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni mo gbé ìbọn lé.