Kọ̀ǹpútà Mélòó, Ènìyàn Mélòó? Ìfiwéra Owó Láísẹ́ǹsì Sọ́fíwià fún Ilé Tó Ní Ju Kọ̀ǹpútà Kan Lọ

Bí kọ̀ǹpútà bá ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ilé kan, owó sọ́fíwià kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbójú fò mọ́. Iye owó ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹ fi iye owó sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí láísẹ́ǹsì náà, ìyẹn àṣẹ tí ẹ rà láti máa lo sọ́fíwià, ń kà: ṣé kọ̀ǹpútà ni, àbí ènìyàn, àbí agbo ilé? Ọjà méjì lè jẹ́ iye kan náà, kí ọ̀kan gba owó yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí èkejì sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́wọ́ ilé kan náà.

Èyí tó ń ka kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ló so mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lè lò ó. Èyí tó ń ka ènìyàn, àkáǹtì ló so mọ́. Ibikíbi tí ẹ bá ti fi ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé ló ti máa ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ka agbo ilé máa ń ní ẹnì kan tó ń sanwó, tó sì ń pe àwọn yòókù wọlé, iye ẹni tó lè pè sì ní ààlà.

Word, Excel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Ibí ni owó ti ń jò jù, ibí náà ni mo sì máa pẹ́ sí. Microsoft 365 àti Office ni orúkọ tí Microsoft fi ń tà wọ́n pọ̀; LibreOffice jẹ́ sọ́fíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Iye tí Microsoft kéde fún Amẹ́ríkà ní ọdún 2024 àti 2025 ni mo fi ṣe ìṣirò. Ẹ fi iye tí ẹ bá rí níwájú yín rọ́pò rẹ̀.

| | Microsoft 365 Personal | Microsoft 365 Family | Office Home 2024 | LibreOffice |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó ń kà | ènìyàn 1 | kò ju ènìyàn 6 lọ | kọ̀ǹpútà 1 | kò ka nǹkan kan |
| Owó | $99.99 lọ́dún | $129.99 lọ́dún | $149.99 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo | ọ̀fẹ́ |
| Ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà | 5 | 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan | 1 | iye tó bá wù yín |
| Ààyè OneDrive (ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) | 1 TB | 1 TB fún ẹnì kọ̀ọ̀kan | kò sí àfikún | kò sí |
| Bí ẹ kò bá sanwó mọ́ | ẹ lè ṣí fáìlì, ẹ ò lè tún un ṣe | bákan náà, fún gbogbo ilé | kò kàn án | kò kàn án |

Ẹ wo Personal àti Family dáadáa. Ènìyàn kan tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, laptop méjì àti tablet kan kò nílò Family rárá, nítorí pé ènìyàn ni Personal ń kà. Ẹ̀rọ márùn-ún lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ra Family kìkì nítorí pé kọ̀ǹpútà òun pọ̀ kàn ń fi owó ta Microsoft lọ́rẹ ni. Àmọ́ tí ènìyàn bá ti di méjì, ọ̀rọ̀ yí padà: Personal méjì tó nǹkan bíi $200 lọ́dún, Family kan kò sì ju $130 lọ.

Àwọn tọkọtaya kan wà tí wọ́n jọ ń lo àkáǹtì kan ṣoṣo kí wọ́n lè fi Personal kan ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹni kìíní, ìwé ibi iṣẹ́ ẹni kejì àti gbogbo ẹrù wọn á dà pọ̀ sínú OneDrive kan, ohun tí ọ̀kan bá sì pa rẹ́ lórí laptop tirẹ̀, ó ti pa á rẹ́ lórí ti ẹnì kejì nìyẹn. $30 tí wọ́n fẹ́ dá sí kò tó owó ìjà tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ọ̀dọ̀ Office Home 2024 ni àwọn tó kórìíra owó ọdọọdún máa ń sá lọ. Word, Excel, PowerPoint àti OneNote wà nínú rẹ̀. Outlook kò sí níbẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ ẹ máa ra Home & Business, $249.99. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì máa dópin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2029. Ọdún márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó rà á níbẹ̀rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin san $600. Family fún ọdún márùn-ún náà máa jẹ́ $650. Ó jèrè díẹ̀. Ẹni tó rà á fún kọ̀ǹpútà márùn-ún san $750, òun ti pàdánù.

Ọjọ́ ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ku ọdún mẹ́ta kí ọjọ́ yẹn pé, Family fún ọdún mẹ́ta jẹ́ $390. Office Home fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta jẹ́ $450, fún méjì sì jẹ́ $300. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó rà á, bẹ́ẹ̀ ni iye kọ̀ǹpútà tó ṣì lérè fún ń dín kù. Ẹni tó dá wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni èrè ibẹ̀ dájú fún: $150 lẹ́ẹ̀kan, dípò $300 tí Personal máa gbà láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé òun ra Office kan, òun sì fi í sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Kò parọ́. Home and Student ti ọdún 2007 àti ti 2010 gba kọ̀ǹpútà mẹ́ta láàyè nínú ilé kan. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà kan fún owó kan.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ti ń san Personal tàbí Family láti ọjọ́ pípẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Microsoft ki Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI rẹ̀, bọ inú ètò méjèèjì, ó sì fi $3 kún owó oṣù kọ̀ọ̀kan. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Classic, tí kò ní Copilot, tó sì dúró sí iye àtijọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e síta gbangba. Ìgbà tí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ fagi lé ètò òun ló máa ń yọjú. Ìdí rèé tí ACCC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Ọsirélíà, fi gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Torí náà, kí ọjọ́ ìsanwó yín tó pé, ẹ wọlé sí àkáǹtì yín, ẹ tẹ ibi ìfagilé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n bá gbé wá síwájú yín kí ẹ tó tẹ èyí tó kẹ́yìn. Nínú Family, ẹni tó ń sanwó nìkan ni Copilot wà fún. Àwọn márùn-ún yòókù kò bá a pín in, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí rẹ̀ ni owó ṣe gòkè.

LibreOffice ń kọ́? The Document Foundation ló ń bójú tó o láti ọdún 2010. Ẹ lè fi í sórí ogún kọ̀ǹpútà, ẹ lè fi ṣòwò, kò sí ẹni tó máa béèrè kọ́bọ̀. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni kí wọ́n fi fáìlì Word tí tábìlì àti àwòrán kún inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ dá a padà, kí ẹni tó ni ín ṣí i kó rí i pé ìlà ti yẹ̀, ojú ìwé méje ti di mẹ́jọ. Fáìlì Excel tó ní macro (àwọn àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra wọn nínú fáìlì) tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó ń kọ àròkọ, tó sì máa fi PDF ránṣẹ́, kò ní mọ ìyàtọ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ilé má ra irú kan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú pípààrọ̀ fáìlì Word lójoojúmọ́, ẹ ra Personal fún un. Àwọn yòókù, LibreOffice, tàbí Word orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Microsoft fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì. Family di dandan nígbà tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá nílò Word gidi, tàbí tí wọ́n bá nílò ààyè ìpamọ́ yẹn.

Windows

Níbí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kà: láísẹ́ǹsì kan, ẹ̀rọ kan. Nígbà Windows 7, ní ọdún 2009, Microsoft ta Family Pack kan tó gba kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní $149.99, ṣùgbọ́n ìyẹn ti lọ. Ìyàtọ̀ tó kù fún olùrà ni OEM àti retail. OEM ni èyí tó bá kọ̀ǹpútà tuntun wá. Mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ̀rọ yẹn (pátákó inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́) ló so mọ́, tí ẹ̀rọ bá kú, òun náà bá a lọ. Retail ni èyí tí ẹ rà lọ́tọ̀. Ó wọ́n ju OEM lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ kan kí ẹ gbé e lọ sórí òmíràn. Ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó ń pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, retail ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń ra laptop tuntun ti sanwó Windows mọ́ ọn. Kó má tún un san.

Ẹ tún máa rí kóòdù Windows lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti iléeṣẹ́ ńlá tàbí iléèwé, tí ẹnì kan gé tà ní ẹyọ ẹyọ. Bí ẹ bá ti rà á tàbí tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ sí Windows), ẹ tẹ `slmgr /dli`. Àpótí kékeré kan máa jáde. Tí ẹ bá rí RETAIL tàbí OEM nínú ìlà tí wọ́n kọ Description sí, ó dáa. Tó bá jẹ́ VOLUME ni, ti iléeṣẹ́ tàbí iléèwé ni, kì í ṣe ti ilé. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `slmgr /xpr`: ó máa sọ bóyá títí láé ni, tàbí kó dárúkọ ọjọ́ tó máa dópin. Irú VOLUME tí wọ́n ń pè ní KMS kì í ju ọjọ́ 180 lọ láìjẹ́ pé ó padà bá sáfà (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́) tó fún un láṣẹ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ilé mìíràn ti máa ń jí rí i pé Windows ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kóòdù ní igun ojú iboju.

Fún ilé tí Windows 10 ṣì wà lórí ẹ̀rọ wọn: àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ rẹ̀ dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àfikún ọdún kan tí wọ́n ń pè ní ESU, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, jẹ́ $30. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà dé ni pé $30 kan náà gba ẹ̀rọ mẹ́wàá tó bá wà lábẹ́ àkáǹtì Microsoft kan. Ilé tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin kò gbọdọ̀ san án lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kódà, ẹni tó bá gbà kí Windows máa fi settings kọ̀ǹpútà rẹ̀ pamọ́ sórí OneDrive kò ní san nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà tó bá sì ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ), RAM 4 GB àti ìpamọ́ 64 GB, pẹ̀lú prosẹ́sọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft, lè bọ́ sórí Windows 11 lọ́fẹ̀ẹ́.

Mac

macOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac ti Apple, ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2013, torí náà áàpù nìkan lẹ ó máa rò. Áàpù tí ẹ bá rà ní App Store máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo Mac tó wà lábẹ́ àkáǹtì yín, Family Sharing, ètò agbo ilé ti Apple, sì jẹ́ kí ènìyàn mẹ́fà pín in. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà: ẹni tó ṣe áàpù náà lè kọ̀ kí wọ́n pín in. Káàdì ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sì ni owó gbogbo wọn máa ń ti jáde.

Adobe àti agbógunti-fáírọ́ọ̀sì

Adobe, iléeṣẹ́ tó ṣe Photoshop, ń ka ènìyàn, kò sì ní ètò agbo ilé. Ẹnì kan lè wọlé lórí kọ̀ǹpútà méjì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayàwòrán méjì nínú ilé kan, owó méjì. Ẹ sì ṣọ́ra fún ètò ọdún kan tí wọ́n ń san lóṣooṣù: tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14, ní Amẹ́ríkà, ìdajì owó gbogbo oṣù tó ṣẹ́kù nínú ọdún náà ni wọ́n á gbà. Ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ yìí jẹun, kó gbìyànjú àwọn sọ́fíwià àwòrán bíi GIMP, Inkscape tàbí Affinity, tí Canva sọ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Agbógunti-fáírọ́ọ̀sì ń ka ẹ̀rọ: 1, 3, 5 tàbí 10, fóònù sì wà nínú òǹkà náà. Owó ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń fani mọ́ra. Ẹ wá iye ọdún kejì lábẹ́ àwọn lẹ́tà wínníwínní, nítorí òun ni wọ́n máa fà jáde nínú káàdì yín láìbéèrè. Defender ti Microsoft ti ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì nínú Windows láti Windows 8, ní tèmi, ilé tí kò bá ń ṣí ohunkóhun tó bá rí kò nílò ju ìyẹn lọ.

Èyí tó kù ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lórí ètò agbo ilé. Ẹ fi í sórí ímeèlì ẹni tí kò ní tètè kúrò nílé, kì í ṣe ti ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù. Tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò nínú Family, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ sórí dísíkì, torí pé ààyè 1 TB rẹ̀ máa dínkù sí 5 GB, kò sì ní lè fi ohun tuntun kún un títí ó fi máa dín ẹrù rẹ̀ kù.